Ara Tó Ń Ga Nínú Kíláàsì Ballet: Ìdáhùn fún Ọmọ Ọdún 13 Tó Rò Pé Òun Ń Padà Sẹ́yìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 13 ni mí, ọdún keje tí mo ti ń kọ́ ijó ballet sì nìyí. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n gbé mi lọ sí kíláàsì àwọn tó fẹ́ fi ijó ṣe iṣẹ́. Láti ìgbà náà, mo ti fi sẹ̀ǹtímítà 6 ga sí i, gbogbo nǹkan sì dàrú mọ́ mi lára. Pirouette (yíyí lórí ẹsẹ̀ kan) mẹ́ta ni mo ń yí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, méjì pàápàá ń gbé mi ṣubú. Ẹsẹ̀ mi kì í gòkè tó bó ṣe ń gòkè mọ́. Ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tún máa ń dùn mí tí mo bá wọ bàtà pointe, èyí tí a fi ń dúró ṣánṣán lórí ìka ẹsẹ̀. Olùkọ́ mi ní kí n ní sùúrù, ṣùgbọ́n àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń múra ìdíje. Mo fẹ́ máa fi wákàtí méjì kún ìdánrawò mi nílé lójoojúmọ́. Ṣé ohun tó yẹ kí n ṣe nìyẹn, mà, àbí ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má fi wákàtí méjì yẹn kún un. Mo sọ ìyẹn ṣáájú nítorí mo mọ irú ọmọ tó máa ń kọ irú lẹ́tà yìí: ó ṣeé ṣe kó o ti bẹ̀rẹ̀ kí èsì mi tó dé.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́, ẹ̀bùn rẹ kò sì tán. Ara rẹ ló ń ga. Bí ọmọ bá ń ga kíákíá, egungun ló máa ń gùn ṣáájú, iṣan á wá máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ní gbogbo ìgbà tí wọn kò tíì bá ara wọn dọ́gba, iṣan ẹ̀yìn itan á le bí okùn tí wọ́n fà gan, ẹsẹ̀ tó ń dé etí tẹ́lẹ̀ á wá máa dúró sí ìbàdí. Ẹsẹ̀ náà tún ti wúwo sí i láti gbé. Di igi kúkúrú mú ní ìdí, nà án síwájú, kó o wá fi igi gígùn rọ́pò rẹ̀, wàá rí ohun tí mo ń wí: bí igi ṣe ń gùn sí i ni ọwọ́ ń gbọ̀n sí i. Iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ kò tíì lágbára tó ẹrù tuntun yìí. Ọpọlọ rẹ náà ṣì ń fi ìwọ̀n ara ti ọdún tó kọjá ṣírò ibi tí gìgísẹ̀ rẹ wà, ìdí nìyẹn tó o fi ń gbé ẹsẹ̀ síbi tó ò fẹ́. Gbogbo rẹ̀ máa padà bọ̀ sípò. Fún àwọn kan, oṣù díẹ̀ ni. Fún àwọn mìíràn, ó lè ju ọdún kan lọ. Yóò kan àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ náà, ó kàn máa ń pẹ́ lára ọkùnrin ni, nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn ti obìnrin.

Nísinsìnyí, ibi rírọ̀ kan wà nítòsí oríkèé egungun rẹ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn, ibẹ̀ náà ló sì máa ń tètè farapa. Ilẹ̀ yàrá ijó tó dára, wọ́n máa ń fi pákó tẹ́ ẹ lọ́nà tí yóò fi gba agbára ẹsẹ̀ mọ́ra nígbà tí oníjó bá fò tó sì balẹ̀. Ilẹ̀ ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí méjì lójoojúmọ́ lórí ilẹ̀ líle, láìsí ojú olùkọ́, lẹ́yìn kíláàsì tó ti rẹ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀: ibi rírọ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ máa já lé.

Jẹ́ ká mú pirouette, nítorí mo rí i pé òun ló ń dùn ọ́ jù. Ẹni tó na apá síta tó ń yí, yíyí rẹ̀ máa ń lọ́ra. Bó bá kó apá mọ́ra, yíyí á yára. Apá rẹ àti itan rẹ ti gùn, ìwúwo wọn ti jìnnà sí àárín ara rẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, agbára tó ń yí ọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún tó kọjá kò lè yí ọ lẹ́ẹ̀mẹta mọ́. Ohun tí ọmọ sì máa ń ṣe ni pé á fi agbára kún un. Á fi èjìká ju ara rẹ̀ sínú yíyí náà, egungun ìhà á ṣí, ẹ̀yìn á tẹ̀, ara á yẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ tó dúró lé. Bí ẹni tó ga bá sì fì díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ á ti lọ jìnnà lókè. Ìṣubú ló kù.

Padà sí ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé ó máa ń bí ọmọ nínú láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹyọ kan péré, láti ipò kẹrin, ẹsẹ̀ kan níwájú èkejì. Ohun tí mo máa ń rí jù lára àwọn tí pirouette wọn ń wó ni retiré tó pẹ́: ara ti yí dé ìdajì kí ìka ẹsẹ̀ tó dé ẹ̀gbẹ́ orúnkún. Nítorí náà, kó o tó yí rárá, máa gun relevé, ìyẹn gbígbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, lọ sí retiré láìyí, ìgbà mẹ́jọ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan (ẹsẹ̀ òsì nìkan ni kó o dúró lé títí dókítà á fi yẹ ti ọ̀tún wò), kí ẹsẹ̀ dé orúnkún lójijì bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á. Lẹ́yìn náà, fi ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kún un, lẹ́yìn náà ìdajì, lẹ́yìn náà odindi. Jẹ́ kí orí gbẹ̀yìn kúrò, kó sì kọ́kọ́ dé. Nígbà tó o bá parí ẹyọ kan náà, má tíì sọ̀ kalẹ̀. Dúró lókè, kà dé méjì, kó o tó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Bí o kò bá lè dúró, yíyí náà kò tíì pé, bó ti wù kó rẹwà tó nínú fídíò. Ìgbà tí ẹyọ kan bá ti dúró bí òpó, èkejì kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Mo ti rí i lára àwọn ọmọ tó ga jù mí lọ. (Ọjọ́ tó o bá ti wọ kíláàsì ní ara ríro, yíyí mẹ́wàá ti tó. Èyí tó bá lé sórí rẹ̀, àṣìṣe lo ń kọ́ ara rẹ.)

Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ nípa kíláàsì tuntun rẹ náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé ìpele gíga túmọ̀ sí ìṣísẹ̀ tuntun. Tuntun wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ti àtijọ́ tí wọ́n sọ di líle. Tendu, ìyẹn nína ẹsẹ̀ síta láìgbé ìka kúrò nílẹ̀, tó o kọ́ nígbà tó o kọjú sí barre, ọ̀pá ìdìmú, tó o fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, òun náà lo ṣì ń ṣe: wọ́n á mú ọwọ́ kan kúrò, wọ́n á gbé ọ lọ sí àárín yàrá níbi tí kò sí ohun ìdìmú, wọ́n á gbé gìgísẹ̀ rẹ kúrò nílẹ̀, wọ́n á ní kí ara máa yí bó o ṣe ń ṣe é, wọ́n á wá sọ ìyára rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ballet tó ń jẹ́ orúkọ Agrippina Vaganova, olùkọ́ ijó ará Rọ́ṣíà, ní St. Petersburg, ọdún 8 ni wọ́n fi ń gun àtẹ̀gùn yìí, ọmọ nǹkan bí ọdún 10 ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kẹjọ, plié, ìyẹn títẹ orúnkún, ṣì ni wọ́n fi ń ṣí kíláàsì. Enrico Cecchetti, olùkọ́ ballet ará Ítálì tó kú ní 1928, pín ìdánrawò tirẹ̀ sí ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Royal Academy of Dance, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1920, fi ìdánwò to tirẹ̀, láti ìpele Intermediate Foundation títí dé ìpele Advanced 2. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń fo àtẹ̀gùn.

Èyí tí olùkọ́ rẹ bá ń lò, dúró tì í fún báyìí. Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kó ọmọ sí wàhálà. O lè rí oníjó Amẹ́ríkà kan tó ń bẹ̀rẹ̀ pirouette pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó nà gbọọrọ, bí George Balanchine, ẹni tó ṣètò ijó púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣe fẹ́ ẹ, kó o wá gbé e lọ sí kíláàsì tí wọ́n ti fẹ́ kí orúnkún méjèèjì tẹ̀. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Àdàlù ni ara tó ń ga kò lè gbà.

O kò bi mí nípa turnout, ìyẹn yíyí ẹsẹ̀ síta, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́, torí pé ìgbà tí iṣan bá le báyìí ni ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi èrú yí ẹsẹ̀ síta. Ìgbáròkó ni turnout ti ń wá, níbi tí orí egungun itan ti wọ inú ihò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí ọ ni ihò náà ṣe rí. Ẹni tó lè yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dé dígírì 90 gan-an láti ibẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀, kódà láàárín àwọn oníjó ńlá. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀ a tẹ orúnkún, a to àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì sí ìlà kan gbọọrọ, a wá na orúnkún. Ilẹ̀ ló ń bá a di ẹsẹ̀ mú. Orúnkún á lọ́, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ á wó sínú, àtàǹpàkò á máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Dán tìrẹ wò: wọ ìbọ̀sẹ̀, di barre mú dáadáa lórí ilẹ̀ tó ń dán, dúró ní ipò kìíní, gìgísẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, ìka kọjú síta. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá dúró sí nígbà tí ilẹ̀ kò ràn ọ́ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni tìrẹ. Ó lè bà ọ́ nínú jẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Àmọ́ àwọn iṣan kéékèèké wà lábẹ́ ìdí tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yí egungun itan síta, wọ́n sì ṣeé fún lókun. Turnout tó o bá rí gbà lọ́wọ́ wọn ló máa bá ọ gòkè nígbà tó o bá fò, torí kò sí ilẹ̀ tí wàá fẹsẹ̀ tì lókè.

Ó wá ku ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ rẹ. Òun ló dà mí láàmú jù nínú lẹ́tà rẹ, ìwọ sì kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ àjókòó lásán. Tí oníjó bá gun orí ìka pátápátá, ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ máa ń há, egungun gìgísẹ̀ àti ti ojúgun á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Àwọn kan ní egungun kékeré kan níbẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní, òun ló máa ń há sáàárín. Nígbà mìíràn, iṣan tó ń tẹ àtàǹpàkò, tó gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ kọjá, ló wú. Ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà, mi ò sì lè gba inú lẹ́tà mọ èyí tó jẹ́. Dókítà tàbí oníṣẹ́ ìtọ́jú iṣan tó mọ ara oníjó ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Títí dìgbà náà, má wọ bàtà pointe. Fi bàtà rírọ̀ ṣe kíláàsì, dín fífò kù, dá ṣíṣe grand plié (títẹ orúnkún dé ìsàlẹ̀ pátápátá) púpọ̀ dúró.

Ní ọmọ ọdún 16, mo fi ìrora pamọ́ fún oṣù mẹ́ta nítorí eré ìparí ọdún. Egungun gígùn kejì nínú àtẹ́lẹsẹ̀ ni tèmi. Mo máa ń mu oògùn ìrora kí n tó wọ kíláàsì, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín sí olùkọ́ mi. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò egungun náà, ó ti sán. Mo pàdánù eré náà, mo sì pàdánù ọdún tó tẹ̀ lé e. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ìrora tó ń padà wá ní ibì kan náà, ní ìṣísẹ̀ kan náà, ti dé òkèèrè yẹn.

Yẹ bàtà náà wò pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ tó ń dàgbà lè kúrò nínú ìwọ̀n bàtà láàárín oṣù díẹ̀. Iwájú bàtà pointe, aṣọ àti bébà tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ tò lé ara wọn ni. Òógùn àti lílò ló ń sọ ọ́ di rírọ̀. Nígbà tí iwájú náà bá ti rọ̀, tí abẹ́ líle rẹ̀ sì ti ń tẹ̀ níbi tí kò yẹ, bàtà náà ti kú, ìka rẹ ló ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Àwọn oníjó àgbà mìíràn máa ń fi eré alẹ́ kan ṣoṣo parí bàtà kan. Àwọn oníṣègùn ijó kò fẹ́ kí ọmọ gun pointe kó tó pé ọdún 12, ọdún orí nìkan sì kọ́ ni wọ́n ń wò: wọ́n ń wo okun àárín ara, ìdúróṣinṣin ọrùn ẹsẹ̀ àti iye ọdún tó fi kẹ́kọ̀ọ́. Ara tó ti yí padà yẹ kí wọ́n tún wò. Bí olùkọ́ rẹ bá ní kó o padà sí bàtà rírọ̀ fún oṣù méjì, gbà bẹ́ẹ̀.

Bó o bá ṣì fẹ́ fi nǹkan kún un nílé, ogún ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ti tó. Dúró lórí ẹsẹ̀ kan, na orúnkún, gòkè sórí ìka kó o sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ọrùn ẹsẹ̀ má yẹ̀ síta. 20 sí 25 láìsinmi ni mo máa ń fẹ́ rí. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni kó o fi ṣe é títí dókítà á fi sọ̀rọ̀. Dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ká orúnkún, fi gìgísẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, ṣí orúnkún òkè bí ẹni ṣí ìwé láìjẹ́ kí ìbàdí yí sẹ́yìn: iṣan turnout lo ń kọ́ yẹn. Na ara lẹ́yìn kíláàsì, nígbà tó ṣì gbóná, pẹ̀lú sùúrù. Má jókòó ní split (ẹsẹ̀ kan nà síwájú, èkejì sẹ́yìn) pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí àga láti fi ipá gba ohun tí egungun ti mú lọ. Sinmi lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, kó o sì máa sun wákàtí 8 sí 10.

Oúnjẹ ńkọ́? O kò dárúkọ rẹ̀, ọmọ tó ga lójijì sì sábà máa ń wo díńgí kó rò pé òun tóbi jù. Ìgbà tí egungun ń gùn gan-an ni oúnjẹ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ọdún wọ̀nyí lo fi ń to egungun tí wàá lò títí ọjọ́ ogbó. Ẹni tí kò jẹun tó ìwọ̀n iṣẹ́ tó ń ṣe, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dáwọ́ dúró, egungun rẹ̀ á sì máa sán. Bí tìrẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ tó wá dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta, tàbí tó o pé ọdún 15 tí kò tíì dé, sọ fún màmá rẹ, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lára oníjó, má gbà á gbọ́, ì báà jẹ́ olùkọ́.

Ní ti ìdíje, mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n wo ohun tí àwọn adájọ́ ń wò. Prix de Lausanne, tí wọ́n ti ń ṣe ní Switzerland láti 1973, ọmọ ọdún 15 sí 18 ló ń gbà, àwọn adájọ́ sì máa ń wo àwọn olùdíje nínú kíláàsì, kì í ṣe lórí ìtàgé nìkan. Ohun tí ọmọ lè dà ni wọ́n ń wá. Ó ṣì ku ọdún méjì kó o tó kúnjú ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn ìdíje mìíràn wà tó ń gba ọmọ tó kéré sí i, bíi Youth America Grand Prix tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Bó o bá fẹ́ lọ lọ́dún tó ń bọ̀, mú ijó tí ara rẹ lè jó láìjìjàkadì. Ọmọ tó gba ijó tó ju agbára rẹ̀ lọ, tó wá fi oṣù mẹ́fà jó ìṣẹ́jú kan àbọ̀ yẹn nìkan, sábà máa ń padà wá bá mi pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ àti tendu tó ti bàjẹ́. Títún un ṣe máa ń gba àsìkò ju bí ó ṣe gba àsìkò láti bà á jẹ́ lọ.

O bi mí bóyá ó ti bọ́. Ọmọ ọdún 13 ni Misty Copeland nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ballet. Ní 2015, ẹgbẹ́ oníjó American Ballet Theatre sọ ọ́ di principal, ìyẹn ipò oníjó tó ga jù, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó dé ipò náà níbẹ̀. Irú rẹ̀ kò pọ̀, n kò sì mú un wá láti fi tàn ọ́ jẹ. Mo mú un wá nítorí pé ní ọjọ́ orí tó o wà yìí, ìwọ ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ ohun tí òun kò tíì rí rí.

Lọ́la, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, lọ bá olùkọ́ rẹ. Sọ fún un pé ọrùn ẹsẹ̀ ń dùn ọ́, láti ìgbà wo, àti ìṣísẹ̀ tó máa ń mú un dùn ọ́. Bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó o máa yí ẹyọ kan nígbà tí àwọn tó kù bá ń yí mẹ́ta. Ẹni tó ti ní kó o ní sùúrù, ó dá mi lójú pé á gbà. Nígbà tí dókítà bá ti tẹ ọrùn ẹsẹ̀ náà wò, kọ ohun tó rí sí mi, kó o sì sọ iye tó o lè kà lókè lórí ẹyọ kan yẹn kó o tó sọ̀ kalẹ̀.